Ọ̀sẹ̀ Kan Lẹ́nu Iṣẹ́ Dókítà ní Yerwa

Kò sí ìgbà tí a ń tẹ ìwé ìròyìn yìí tí a kì í gba ìròyìn ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá, yálà bàbá àgbà ni, tàbí aboyún, tàbí ọmọdé. A máa ń kọ ọ́ pé ó wà ní ọsibítù, a ó sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n a kò tíì kọ ohunkóhun rí nípa ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ dókítà nínú ìlú yìí, tí a ní kí ó sọ bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ fún wa. Ó bẹ̀ wá kí a má dárúkọ òun tàbí ibi iṣẹ́ òun, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé kì í ṣe àwọn àìsàn ńláńlá ni ó ráhùn lé lórí. Àwọn ohun kéékèèké ni, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní ìkáwọ́ àwa fúnra wa.

Yerwa kì í ṣe ìlú tí kò mọ iyì dókítà. Ọmọ bíbí ìlú yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Umaru Shehu, tí a bí ní 1930. Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn kí ó tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di àgbà nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ kí ó tó dágbére fún ayé ní October 2023. Ilé ìwòsàn kan ní Bulumkutu ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Maiduguri, tí àwọn aláìsàn ń wá sí láti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká, àti láti òdìkejì ẹnubodè pàápàá. Ẹ ò rí i bí ọ̀nà ti rí? Ọmọ Yerwa lọ kọ́ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Lónìí, ọmọ Yorùbá ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Yerwa.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tí àìsàn kì mọ́lẹ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì, tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ máa wò ó ná, Ọjọ́ Ajé ni í dé. Kanuri ń bẹ níbẹ̀, Shuwa ń bẹ níbẹ̀, Haúsá, Bura àti Marghi kò gbẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn tí ogun Boko Haram, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, lé kúrò ní ìletò wọn. Dókítà wa gbọ́ Haúsá, ó sì ti ń gbọ́ Kanuri díẹ̀díẹ̀; èyí tí kò bá gbọ́, nọ́ọ̀sì yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Bí ìyá Yorùbá kan bá bá dókítà tí kì í ṣe Yorùbá pàdé, Haúsá ọjà nìkan ni ìyá gbọ́: ó mọ iye owó, ó mọ bí a ti ń ná ọjà. Bí ó bá wí pé "àyà mi ń já," ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó mú wá yóò túmọ̀ rẹ̀ pé nǹkan kan ń já nínú àyà ìyá, dókítà a sì máa wá ohun tí kò sọnù. Bí ó bá ní "inú ń run mí," ṣé ikùn ni, tàbí ilé ọmọ, tàbí àpò ìtọ̀? Àwa a máa pe gbogbo rẹ̀ ní inú. Èyí tí ó burú jù ni ti ohun ìtìjú. Ìyá kan yóò rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí nǹkan oṣù ti dá, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ létí ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń túmọ̀ fún un. Yóò ní orí ni ó ń fọ́ òun. Wọn yóò fún un ní oògùn orí fífọ́, yóò sì padà sílé. Bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ, a kì í sì í fi í ṣeré.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́ọ̀dù ni ó ń rìn. Láti ibùsùn dé ibùsùn ni òun, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà kéékèèké ń lọ, tí wọ́n ń béèrè pé, ṣé o sùn, ṣé o jẹun, ṣé o tọ̀. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í dáhùn dáadáa: "Kí ni ẹ ti lò kí ẹ tó wá?" Ìdáhùn wọn ni pé, "Kò sí o, dókítà." Bẹ́ẹ̀ àgbo wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibùsùn. Ó ní kí a sọ fún yín pé kì í ṣe láti bá yín jà ni òun fi ń béèrè. Àwọn àgbo kan ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn mìíràn kì í bá oògùn òyìnbó ṣe pọ̀. Bí dókítà bá fi oògùn tirẹ̀ lé e láìmọ̀, méjèèjì a máa jà nínú ara ẹnì kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn aláwọ̀ méjì tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kiri ọjà.

Ọjọ́rú ni ti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn wá, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi gbà pé àìsàn wà lára àwọn. Bàbá kan yóò lo oògùn oṣù kan, yóò rí i pé ara dá òun, yóò sì dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni. Ọjọ́ tí yóò fi ara hàn, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí apá kan ara yóò rọ. Bí nọ́ńbà òkè bá ti ń tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ń tó 90, ní gbogbo ìgbà tí a bá wọ̀n ọ́n, kí a má ṣe fi ojú kékeré wò ó. Dókítà wa ní àwọn mìíràn ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé kí ilé tí wọ́n ń kọ́ lè parí. Ilé kíkọ́ dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé inú rẹ̀?

Ó tún bẹ àwọn Mùsùlùmí wa tí ó ní àtọ̀gbẹ pé, bí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, kí wọ́n wá kí oṣù tó lé, kí a lè jọ ṣètò bí oògùn yóò ṣe bọ́ sí àkókò sààrì àti ìṣínu, tàbí kí a mọ̀ bí ara wọn kò bá lè gbà á. Ẹni tí ó dá a ṣe ni a máa ń gbé wá ní ọ̀sán gangan, tí òógùn bò ó, tí ojú rẹ̀ ń ṣú.

Ọjọ́bọ̀ ni ti àwọn ọmọdé, ojú ọjọ́ ni ó sì ń sọ irú àìsàn tí yóò wọlé. Nígbà ọyẹ́, tí òru Yerwa máa ń tutù, ìrora egungun a máa dà àwọn ọmọ tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ SS láàmú. Aṣọ tó nípọn àti omi mímu púpọ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí baba bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí a bá ti bí ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí àwọn òbí tó pàdé, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí.

Bí ooru March àti April bá dé, yírùnyírùn, tí Haúsá ń pè ní sankarau, ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí ibà bá mú ọmọ, tí ọrùn rẹ̀ le tí kò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú, tí ó ń bì, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ọrùn ọmọ ọwọ́ lè máà le. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ni ó lè wú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ó ń dènà oríṣi márùn-ún nínú àrùn náà, ní 2024. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ gbé ọmọ jáde. Lẹ́yìn èyí ni òjò yóò dé pẹ̀lú ibà ẹ̀fọn àti ìgbẹ́ gbuuru. Ní 2017, kọ́lẹ́rà mú ènìyàn tí ó ju 5,000 lọ ní Borno. Lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, ni ìyá yóò pò, tí yóò máa fún ọmọ mu bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ Ẹtì ni ti iṣẹ́ abẹ, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dìde. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wa. Ó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò sí nínú fìríìjì. Àwọn ará ilé rẹ̀ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà lé ní mẹ́wàá. Wọ́n ti gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń gbàdúrà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde tí ó béèrè ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀, ọ̀kan ní òun kò tíì jẹun, èkejì ní ẹ̀jẹ̀ òun kò tó òun, ẹ̀kẹta ní tità ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí ó dìde ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ọmọ Kanuri, tí ó gbé ìyá tirẹ̀ wá sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá ti ìyá ọmọ mu, ìyá ọmọ sì yè. Lọ́jọ́ ìkómọ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lé lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbà lára ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kò pé ìdajì lítà. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá lè fún ni ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. A kò sì lè kó o jọ títí, nítorí kì í sábà ju ọjọ́ 35 lọ nínú fìríìjì, bí iná bá wà. Ẹ rántí January 2021, nígbà tí àwọn jàǹdùkú wó òpó iná tó ń bọ̀ láti Damaturu, tí Yerwa sì wà nínú òkùnkùn fún oṣù púpọ̀. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, tí a sì mọ ilé rẹ̀, wúlò ju fìríìjì lọ.

Òpin ọ̀sẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sí òkè òkun, ẹni tí ó kù sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó lọ. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, àwọn ará wa ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ọmọ wa ni," wọn yóò wí, wọn yóò sì gbé aláìsàn wọ pálọ̀ rẹ̀ kí wọ́n má baà tò lórí ìlà. Kò lè lé bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun èlò iṣẹ́ nínú pálọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ẹni tí ejò bù jẹ ni wọ́n gbé wá bá a nílé, àkókò sì ń lọ. Oró paramọ́lẹ̀ kan wà ní ilẹ̀ Òkè Ọya yìí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní ọsibítù, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré mímọ́, wọn yóò gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20; bí ó bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti wọ ara nìyẹn, oògùn tí ó ń pa oró ejò ni ó kù. Ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ó bù jẹ sinmi, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù tààrà.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò jọ ìyókù, èyí tí ìdídò Alau já ní September 2024, tí omi ya wọ ìlú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, tí ó sì wọ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì pàápàá. Omi wọ ilé dókítà wa; ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ará wa kan, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ó ń sọ títí di òní ni ti àwọn aláìsàn tí káàdì wọn bá omi lọ. Bí ó bá béèrè oògùn tí wọ́n ń lò, wọ́n á ní, "Èyí funfun kékeré yẹn ni." Oògùn funfun kékeré kò níye.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fi síwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀. Èkíní, kí olúkúlùkù àgbà tí ara rẹ̀ le lọ yẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí Akọ̀wé sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, pẹ̀lú àmì fún ẹni tí ó bá gbà láti wá nígbà tí a bá pè é. Èkejì, kí àwọn ìyá méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbọ́ Haúsá àti Kanuri yé kooro yọ̀ǹda ara wọn láti máa sin àwọn ìyá àgbà lọ sí ọsibítù, kí a yé fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀kẹta, kí orúkọ oògùn olúkúlùkù wà nínú ìwé pélébé kan, nínú àpò rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé. Kò sí èyí tí yóò ná wa lówó púpọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹbí wa tó kù sílé jìnnà; kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ débí, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ yóò ti ṣẹlẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ní ti ìròyìn ẹbí, ìyàwó wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí wà lálàáfíà, ọmọ rẹ̀ sì ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọkọ rẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. A kí gbogbo ìyá ọmọ tuntun kú ewu, a kí àwọn tí ó wà lórí ibùsùn kú ìrọ́jú, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí àjò bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àmín.