Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Owó Ìyá Àgbà

Bí a bá ti sìnkú àgbà tán, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù, kì í ṣòro kí wọ́n bá agolo mílíìkì kan nísàlẹ̀ àpótí, kí owó àtijọ́ kún inú rẹ̀: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Àwọn kan ti ṣú, àwọn mìíràn ti ní àwọ̀ ewé lára. Ohun tó sábà máa ń wá sí àwa ọ̀dọ́ lọ́kàn ni pé kí a kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n kí wọ́n máa dán, kí ẹni tí yóò rà wọ́n lè san owó gidi. Ibẹ̀ gan-an ni òfò ti ń wọlé. Lójú àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ, owó tó ṣú tí ara rẹ̀ ṣì pé níye lórí ju èyí tí a họ lára lọ. Ara owó tí a bá sì họ dànù kò ṣeé dá padà mọ́.

Irú irin wo ni?

Láti ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ owó wẹ́wẹ́ oníhò fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Onínì wà lára wọn, mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan láyé ìgbà náà. Fàdákà ni wọ́n fi rọ ṣílè láti 1913 títí di 1920, kí wọ́n tó bọ́ sórí idẹ. Ọdún 1959 ni Nàìjíríà ní owó tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè.

Owó ọdún 1991 yàtọ̀. Irin ni inú rẹ̀; bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo kọ́bọ̀ 1, 10 àti 25, nickel sì ni wọ́n fi bo kọ́bọ̀ 50 àti náírà kan. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wá òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun àwátì ní Alábà. Bí owó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi pẹ́, nítorí bí omi bá rí ojú ibi tí ìbòrí náà ti ṣí, yóò dógùn-ún láti inú wá.

Ohun tó ń pa owó

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà ń jẹ bàbà. Eérú, yanrìn àti ọṣẹ ìfọyín ń họ ọ́. Brasso tí àwọn ṣọ́jà fi ń mú kí bọ́tìnnì wọn dán dára fún bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń bó ojú owó lọ, pẹ̀lú àwòrán àti lẹ́tà tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ lásán ló wà lára rẹ̀, ẹ fi omi dísítíìlì tí wọ́n ń tà nílé ìpoògùn ṣàn án, ẹ má lo omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hó. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí omi fà. Ẹ má nù ún. Bí ọ̀rá tàbí gọ́ọ̀mù bá wà lára rẹ̀, acetone ògidì lè yọ ọ́, àmọ́ ó máa ń tètè gbiná: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jìnnà sí sítóòfù. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọ̀ ewé tó le, tó sì jọ̀lọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó rí bí ìyẹ̀fun, tó ń tàn kiri, àìsàn bàbà ni. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin ló ń fà á. Ẹ yà á sọ́tọ̀ níbi gbígbẹ, kí ẹ fi han ẹni tó mọṣẹ́.

Lẹ́yìn fífọ̀

Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò kò jìnnà sí ọ̀sà àti òkun, afẹ́fẹ́ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Nítorí náà, ibi tí a ń tọ́jú owó sí ṣe pàtàkì ju fífọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀rá PVC tó rọ̀ máa ń mú oje jáde tó ń ba owó jẹ́. Ẹ fi owó kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé kékeré, ẹ kó wọn sínú ike tó dé pinpin, kí ẹ sì sọ àpò tín-ín-rín tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, kó máa fa ọ̀rinrin.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni owó náà àti ibi tí ẹ ti rí i sára àpò ìwé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò bèèrè. Bí ẹ kò bá sì tà á, ọmọ tí ẹ kò tíì bí yóò bèèrè pẹ̀lú.