Mọ́tò Yín Ń Dún Kọ́-kọ́-kọ́? Ẹ Má Tíì Ra Ṣọ́ọ̀kù

Corolla tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Á le gbagidi lábẹ́ ìdí, iwájú á sì máa dún kọ́-kọ́-kọ́ lórí gálọ́ọ̀pù. Mẹkáníìkì á ní, "Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kù ti lọ." Ẹ ra ṣọ́ọ̀kù tán, ariwo ṣì wà níbẹ̀. Kí ló dé?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù mọ́tò. Tí táyà bá kó sí kòtò, á fún pọ̀, á sì tún fẹ́ nà padà. Tó bá dá wà, ṣe ni mọ́tò á máa fò bíi bọ́ọ̀lù. Ṣọ́ọ̀kù ló ń pa fífò yẹn: ọ́ìlì inú rẹ̀ ń gba ihò tín-ín-rín kọjá, agbára fífò náà á sì di ooru.

Nítorí náà, ṣọ́ọ̀kù tó ti kú sábà máa ń jẹ́ kí mọ́tò máa fì ni, kì í ṣe kó le. Ẹ fi ọwọ́ tẹ igun iwájú mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Tó bá fò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó dúró, tàbí tí ọ́ìlì ń ṣàn lára ṣọ́ọ̀kù, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé líle ni ẹjọ́ yín, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. 30 sí 35 psi ni ti ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí mọ́tò tó rìn. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT náà: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le.

Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ náà lè mú mọ́tò le. Mọ́tò á jókòó sílẹ̀ jù, á wá máa gbá rọ́bà tó yẹ kó gba ìkọlù kòtò ńlá nìkan.

Ní ti ariwo, ẹ fetí sílẹ̀:

- Kọ́-kọ́-kọ́ lórí gálọ́ọ̀pù kéékèèké: ẹ kọ́kọ́ fura sí línkéèjì. Owó rẹ̀ kéré sí ti ṣọ́ọ̀kù dáadáa.
- Ó ń han bíi bẹ́ẹ̀dì àtijọ́: rọ́bà bọ́ọ̀ṣì ti gbẹ tàbí ó ti ya.
- Gbì! tí ẹ bá tẹ bíréèkì: ẹ wo bọ́ọ̀ṣì inú áàmù ìsàlẹ̀.
- Ó ń dún tí ẹ bá ń yí sítíárìn lórí ìdúró: ó lè jẹ́ bíárìn tó wà lókè ṣọ́ọ̀kù.

Èyí tí kò gba eré ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Tó bá yọ lójú eré, táyà lè dojú dé, sítíárìn ò sì ní gbọ́ ti yín mọ́. Tí mẹkáníìkì bá ti rí i pé ó ń mì, ẹ má gbé mọ́tò náà kúrò níbẹ̀ láìpààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Tí ẹ bá dé gáréèjì, ẹ ní kí wọ́n mi línkéèjì, bọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì lójú yín. Èyí tó bá ń mì ni kí ẹ ra.