Àmì Ohùn Àwòrán: Bí A Ṣe Lè Yí Ìwọ̀n Fídíò Àtijọ́ Padà fún Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé Yorùbá tí a kò fi àmì ohùn sí yóò mọ̀ pé lẹ́tà nìkan kò tó láti gbé ìtumọ̀ dúró. Bí a bá kọ i, g, b, a sílẹ̀ láìsí àmì, òǹkàwé lè pè é ní igbá tí a fi ń bu omi, ó lè pè é ní igba tí í ṣe iye, ó sì lè pè é ní ìgbà tí ń kọjá lọ. Lẹ́tà kò yí padà. Ohun tí ó sọnù ni ìtọ́ni lórí bí ó ṣe yẹ kí á kà á. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé àwòrán fídíò náà ní àmì ohùn tirẹ̀, àti pé nígbà tí a bá ń gbé eré àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì yìí ni ó máa ń tètè bọ́.

Ohun tí píksẹ́lì jẹ́

Àwòrán fídíò jẹ́ àkójọ ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì, tí a tò ní ìlà-ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀ ara adé. Iye ẹyọ tí ó wà ní ìbú àti iye tí ó wà ní gíga ni a fi ń sọ bí àwòrán ti tó. Ṣùgbọ́n iye nìkan kọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kan lè rí rìbìtì, òmíràn lè fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ. Bí a bá to 100 nínú irú kọ̀ọ̀kan, ìlà méjèèjì kò ní gùn bákan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni píksẹ́lì. Ti kọ̀ǹpútà àti ti fóònù dọ́gba ní ìbú àti gíga. Ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò dọ́gba.

Ní ọdún 1982, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń dámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ rédíò fi ìlànà kan lélẹ̀ fún sísọ àwòrán tẹlifíṣọ̀n di nọ́ńbà: ẹyọ 720 ni yóò wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ tí ó gba ètò PAL, bí Nàìjíríà, ìlà 576 ni a ń lò. Ní Amẹ́ríkà, tí ó gba ètò NTSC, a sábà máa ń lo 480. Síbẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ ìbú 4 sí gíga 3. Nítorí náà, píksẹ́lì PAL ní láti fẹ̀ díẹ̀ ju bí ó ti ga lọ, ti NTSC sì ní láti tín-ín-rín. Nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n gbooro, tí ó di 16 sí 9, iye 720 àti 576 kan náà ni a tún ń lò fún un. Nọ́ńbà kan, ìkà méjì: igbá àti ìgbà nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣi àwòrán kà

Bí a bá gbé téèpù VHS àtijọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà, 720 ní 576 ni a sábà máa ń rí. Bí ètò tí a fi ń to fídíò bá ka àwọn ẹyọ wọ̀nyí bí ẹni pé wọ́n dọ́gba, àwòrán yóò di 5 sí 4, ojú òṣèré yóò sì gùn ju ti ẹ̀dá lọ. Bí a bá sì fẹ́ kí àwòrán kún ojú fóònù, tí a wá fi tipátipá fà á di 16 sí 9, gbogbo ènìyàn inú eré yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Àwọn mìíràn a ní kí á gé e dípò kí á fà á. Èyí náà ní ewu tirẹ̀: nínú ìlà 576, 144 ni yóò lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí á fi Ṣaworoidẹ ṣe àpẹẹrẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Adé orí ọba àti ìlù ọwọ́ onílù ni ìtàn náà rọ̀ mọ́. Bí a bá gé òkè àti ìsàlẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, adé ni yóò kọ́kọ́ lọ, ìlù yóò tẹ̀ lé e. Kí ni ó wá kù tí òǹwòran yóò fi mọ ìtàn?

Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí agbẹ́gilére Yorùbá náà a máa gbẹ́ orí tóbi ju bí ó ti rí lára ènìyàn lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére mọ ìdí tí òun fi ṣe bẹ́ẹ̀: orí ló ṣe pàtàkì jù, ó sì fi ọnà bu ọlá fún un. Ẹ̀rọ tí ó fa ojú òṣèré kò ní èrò kankan lọ́kàn.

Ọ̀nà tí ó tọ́

Lọ́nà kìíní, kí á tó fọwọ́ kan iye rárá, kí á sọ fún ètò náà bí píksẹ́lì téèpù ti rí, yálà ti ojú 4 sí 3 tàbí ti 16 sí 9. Lọ́nà kejì, kí á ṣí iṣẹ́ tuntun tí píksẹ́lì rẹ̀ dọ́gba: 768 ní 576 fún PAL, 640 ní 480 fún NTSC, 1024 ní 576 fún PAL olójú gbooro. Àwọn onímọ̀ kan a máa kọ́kọ́ gé ẹyọ 8 kúrò ní ọ̀tún àti 8 ní òsì, nítorí pé 704 ni wọ́n kà sí àwòrán gan-an nínú 720. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Lọ́nà kẹta, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di ńlá, 1440 ní 1080 ṣì jẹ́ 4 sí 3, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsọdińlá kò lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí. Lọ́nà kẹrin, kí á má fi ọwọ́ ara wa kun ẹ̀gbẹ́ àwòrán ní dúdú. YouTube fúnra rẹ̀ yóò gbà á bí ó ti rí. Ní ìparí, kí á wá ohun rìbìtì kan nínú eré, bí àwo tàbí ojú ìlù tí ó kọjú sí wa. Bí ó bá rí bí ẹyin, a ti ṣi nǹkan kà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ òṣèré inú téèpù wọ̀nyí ti lọ. Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Ìbàdàn lónìí kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ ojú wọn ju èyí tí a bá gbé síwájú rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ adàwékọ ni kí ó da ohun tí ó bá kọ bí ó ti bá a. Iṣẹ́ ẹni tí ń gbé eré sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí i.