Ẹ Pa Gbogbo Ohun Tó Ń Lo Iná Kí Ẹ Tó Gbé Rédíò Wá: Ìlàlóye fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Ìgbòkun

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ní rédíò VHF tàbí rédíò ìròyìn nínú ọkọ̀ ìgbòkun, tí ariwo sì ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú rédíò tí ẹ ń gbé wá fún àtúnṣe sí kàǹtà wa ní Jíbówú ni kò bàjẹ́ rárá. A óò so ó mọ́ bátìrì tiwa, ohùn á jáde kedere. Ẹ óò gbé e padà sínú ọkọ̀, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ti ṣòfò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ikorodu Road, ẹ sì ti tú wáyà tí kò yẹ kí ẹ tú. Inú ọkọ̀ ni ohun tó ń pariwo wà. Kò bá rédíò wá sọ́dọ̀ wa.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sí èbúté. Ẹ tan rédíò. Bó bá jẹ́ VHF, ẹ yí bọ́tìnnì squelch sílẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ariwo náà dáadáa. Bó bá jẹ́ rédíò ìròyìn, ẹ yí i sí AM, níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun yòókù: inverter, ṣájà fóònù, gílóòbù LED, fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àti ẹ́ńjìnnì.

Sólà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ṣúìṣì ńlá inú ọkọ̀ kì í sábà pa á, nítorí tààrà ni wọ́n máa ń so charge controller, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà, mọ́ bátìrì. Bí oòrùn bá ṣì ń ràn, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pariwo. Wáyà tó ti orí páńẹ́ẹ̀lì wá ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti bátìrì. Tàbí kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe lálẹ́.

Bí ariwo bá dákẹ́, rédíò yín kò ní àrùn. Ẹ wá máa tan àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe tan méjì pọ̀. Èyí tí ariwo bá bá padà, òun ni ẹ ń wá. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa bá a lọ dé orí èyí tó kẹ́yìn, nítorí ó lè ju ẹyọ kan lọ.

Bí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ tí ariwo kò lọ, ẹ wa ọkọ̀ jìnnà sí èbúté, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará èbúté tàbí inverter ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín lè wà nídìí rẹ̀. Bó bá tẹ̀lé yín dé àárín ọ̀sà, ẹ wo ìdí áńtẹ́nà, níbi tí iyọ̀ òkun ti máa ń jẹ irin. Ìgbà tí ibẹ̀ náà bá mọ́ ni kí ẹ tó gbé rédíò wá bá wa.

Etí yín náà lè tọ́ka sí i. Ohùn híhan tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí i, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná ló ti wá. Bó bá ń ta tá-tá-tá, púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù ni. Èyí tó bá oòrùn jí tó sì bá oòrùn wọ̀, sólà ni. Èyí tó ń bú lórí AM nígbà tí òjò ń ṣú, mànàmáná ni. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Iná orí òpó

Inverter, ṣájà àti gílóòbù LED máa ń já iná pa tí wọ́n sì ń tàn án padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo wáyà tó so mọ́ wọn á sì máa fọ́n ariwo ká bí áńtẹ́nà. Nínú ọkọ̀ ìgbòkun, wáyà iná orí òpó àti wáyà áńtẹ́nà sábà máa ń gba inú òpó kan náà gòkè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Coast Guard ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé gílóòbù LED inú ọkọ̀ lè di rédíò VHF létí. Nítorí náà, bí ẹ bá ra gílóòbù tuntun fún orí òpó, ẹ tan án nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò kí ẹnikẹ́ni tó gun òpó lọ dè é.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ gbé ohun tó ń pariwo jìnnà sí wáyà áńtẹ́nà, ẹ lọ́ wáyà iná rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì yí i mọ́ ferrite, ìyẹn kókó dúdú bí irú èyí tó wà lára wáyà ṣájà kọ̀ǹpútà. Ìdí ohun tó ń pariwo gan-an ni kó wà. Bí ariwo kò bá lọ, ẹ pààrọ̀ nǹkan náà.

Squelch kì í ṣe oògùn ariwo

Àwọn kan máa ń yí squelch dé òpin kí ariwo lè dákẹ́. Èyí léwu púpọ̀. Channel 16, 156.8 MHz, ni ẹni tó wà nínú ewu ti ń ké pè, ó sì lè jẹ́ rédíò ọwọ́ tí agbára rẹ̀ kò ju wọ́ọ̀tì 5 tàbí 6 lọ ló fi ń pè. Ohùn bẹ́ẹ̀ kò lè gba abẹ́ squelch tó ti dé òpin kọjá. Ẹ yí i dé ibi tí ariwo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, kí ẹ dúró níbẹ̀.

Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà

Kò sí òṣìṣẹ́ wa tó ń ta booster tàbí tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa. Booster á gbé ohùn sókè, á sì gbé ariwo sókè pẹ̀lú rẹ̀. Inú ọ́fíìsì, ní kàǹtà, nìkan ni a ti ń rí yín.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú rédíò, ìdí wáyà áńtẹ́nà, àti ìwé tí ẹ kọ orúkọ àwọn nǹkan tí ẹ pa sí. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìdánwò náà, a óò ní kó padà lọ ṣe é. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ jáde sí òkun kí àtúnṣe tó parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ohun tó ń pariwo náà títí ẹ ó fi padà wọlé.