WÁYÀ BÀBÀ TÍ WỌ́N NÍ Ó Ń WO ÀÌSÀN: ṢÉ Ó YẸ KÍ MÙSÙLÙMÍ GBẸ́KẸ̀ LÉ E?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èmi kọ́ ni mo wá a lọ. Òun ni ó wá mi wá sí mọ́sáláṣí.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú jámáà wa, ẹni tí ó ń tún rédíò àti fóònù ṣe, wá jókòó síwájú mi. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo jẹ gbèsè?" Mo bi í pé gbèsè kí ni. Ó bá yọ ohun kan jáde láti inú láílọ́ọ̀nù dúdú. Òrùka wáyà ńlá kan ni, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ó sì nípọn bí ọmọ ìka. Ó ní òun ka wáyà bàbà tín-ín-rín, irú èyí tí a ń rí nínú fáànù tí ó ti jóná, yí ìdí ike ọ̀dà ká ní 100 ìgbà, òun fi téèpù dì í, òun fi bíléèdì ha orí wáyà méjèèjì kí bàbà lè hàn, òun sì so ó mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Wáyà náà gùn ju 60 mítà lọ bí a bá tú u. Ó ti rí i kà pé irú òòfà bẹ́ẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa, ó ń wo orúnkún, ó sì ń fúnni ní oorun. Ó ṣe tirẹ̀, ara tù ú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àlhájà kan tí ó ń ta àwọn nǹkan ọbẹ̀, tí dókítà ti sọ fún láti ìgbà pípẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Àlhájà gbé òrùka wáyà yìí sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì pa hóró oògùn rẹ̀ tì. Kò pé oṣù méjì tí ó fi ṣubú sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò tíì lè gbé kóńgò ìwọn ata.

Ẹ wá rí ìdí tí ọmọ yìí fi ń béèrè gbèsè.

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tí yóò bá dájọ́ lórí ohun kan, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun náà. Mo mú kọ́ńpáàsì tí mo fi ń mọ ìhà tí Káába wà bí mo bá rìnrìn àjò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òrùka wáyà yìí. Bí ó ti so bátìrì pọ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yí gbirigbiri kúrò níbi tí ó kọjú sí. Bí ó ti já a, abẹ́rẹ́ padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ohun tí Hans Christian Ørsted rí ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ní 1820 gan-an nìyẹn: pé wáyà tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá a máa di òòfà. Ní àárín òrùka ọmọ yìí, agbára òòfà náà á tó nǹkan bí ìlọ́po 20 agbára tí ilẹ̀ ayé fi ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ó pọ̀ létí, àbí? Ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ ayé yìí kéré púpọ̀; òòfà kékeré tí ń mú ilẹ̀kùn fíríìjì pa dé lágbára jù ú lọ lọ́nà púpọ̀.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó pẹ̀lú ń fi òòfà wo aláìsàn, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Láti 1979 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún egungun tí ó ṣẹ́ tí ó kọ̀ tí kò so. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé wáyà kan lé orí ènìyàn láìkan ara rẹ̀, ọwọ́ ẹni náà sì ta pọ́ún láìjẹ́ pé òun ni ó mì ín. Ní 2008 ni Amẹ́ríkà gbà pé kí a máa fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ́jú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà tí oògùn kò ràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyí. Òòfà ẹ̀rọ orí yìí lágbára ju ti ọmọ wa lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 2,000, kì í sì í dúró sójú kan: ó ń dé, ó sì ń lọ kí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ẹni tí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ni Michael Faraday, ní London, ní 1831. Ó fi hàn pé òòfà tí ó dúró jẹ́ẹ́ kì í bí iná kankan. Èyí tí ó ń yí padà nìkan ni ó ń bí iná. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, òòfà tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń fúnni. Inú ẹran ara ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní irin wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni pé irin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bí irin ìṣó. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ inú ẹ̀rọ MRI rí ní ilé ìwòsàn, òòfà tí ó ju ti ọmọ yìí lọ ní ìlọ́po 2,000 ni ẹ sùn sínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín kò sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọmọ náà ní, "Ṣùgbọ́n Ààfáà, ó ń ṣiṣẹ́ o, ẹ dán an wò." Mo dán an wò. Orúnkún mi òsì ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọdún méjì, mo sì gbé òrùka náà lé e ní alẹ́ mẹ́ta. N kò ní í purọ́ fún yín, ara tù mí. Ní ọjọ́ kẹta mo dìde láti orí ìrun Àsùbáà láìdi ògiri mú, mo sì ti ń rò ó pé n óò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Nígbà tí ó di òwúrọ̀, mo ń wá tọ́ọ̀ṣì, ìyàwó ọmọ mi bá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, bátìrì inú nǹkan yẹn ni mo yọ sí i láti alẹ́ àkọ́kọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Orúnkún náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí kí ó tó di ìrun ọ̀sán!

Kì í ṣe èmi ni àkọ́kọ́. Ní 1796, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Elisha Perkins, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀pá irin kékeré méjì tí ó ń fà lórí ibi tí ó bá ń dunni, ó sì tà á fún àwọn ènìyàn ńláńlá. Ní 1799, dókítà John Haygarth ní ìlú Bath gbẹ́ irú ọ̀pá náà ní igi, ó kùn ún kí ó lè jọ irin, ó sì lò ó fún aláìsàn márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn ní ara tu àwọn. Ní ọjọ́ kejì ó lo irin gidi, bákan náà ni ó rí. Perkins fúnra rẹ̀ lọ sí New York ní ọdún 1799 yẹn láti lọ fi oògùn mìíràn tí ó ṣe wo àwọn tí ibà pọ́njú ń pa. Ibà náà ni ó pa á.

Nísinsìnyí, kí ni ẹ̀sìn wí? Ó wà nínú ìwé Ibn Mójà àti ti Ahmad, láti ọ̀dọ̀ Imran ọmọ Husayn, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) rí òrùka idẹ ní ọwọ́ ọkùnrin kan, ó bi í léèrè, ọkùnrin náà ní nítorí àìlera ni, Ànábì sì pàṣẹ pé kí ó bọ́ ọ, pé àìlera ni yóò fi kún un. Àwọn onímọ̀ kan ní ọ̀nà tí hàdíìsì yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára tó, n kò sì ní í fi í na ẹnikẹ́ni lẹ́gba. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn àlùfáà fà yọ múlẹ̀: ohun tí a bá pè ní okùnfà ìwòsàn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìfihàn ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tàbí pé ìdánwò tí ó hàn gbangba fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ànábì kan náà ni ó ní kí a wá ìwòsàn. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti kọjá ìdánwò náà. Òrùka wáyà yìí kò kọjá rẹ̀, orúnkún mi ni ẹlẹ́rìí.

Mo wá bi ọmọ náà pé, "Ṣé ìwọ ni o ní kí Àlhájà fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀?" Ó ní rárá o, òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó bi ọ́?" Ó wo ilẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ó bi mí, Ààfáà. Mo dákẹ́."

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ hàdíìsì olùtajà àti olùrà, pé bí wọ́n bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì fi àbùkù ọjà han ara wọn, ìbùkún á wà nínú òwò wọn, bí wọ́n bá sì bò ó, ìbùkún á kúrò níbẹ̀. Hàdíìsì mìíràn wà nínú Abu Dawud pé ẹni tí ó bá ń ṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn, òun ni yóò gbé ẹrù ohun tí ó bá tìdí rẹ̀ yọ. Mo sọ fún ọmọ náà pé ó jẹ gbèsè. Kí ó dá owó padà fún gbogbo ẹni tí ó tà á fún, kí ó sì gbé owó ilé ìwòsàn Àlhájà lórí. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó sí i. Mo tún ní kí ó kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe so irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́ iná ilé láéláé, kí ẹni tí dókítà bá sì ti fi ẹ̀rọ sí láyà láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ má ṣe gbé òòfà sún mọ́ ọn, nítorí ó lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ náà rú.

Ó ti dá owó ẹni mẹ́sàn-án padà. Ó ku mẹ́rin. Àlhájà kò tíì dárí jì í. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn rẹ̀ padà, ó gba owó àkọ́kọ́ tí ọmọ náà mú wá, ó fi ọwọ́ òsì kà á, ó sì ní kí ó mú ìyókù wá ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Òrùka wáyà náà wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọ ilé kéwú ni wọ́n ń fi í yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì báyìí bí a bá jáde fún ìsinmi.