Pákó Funfun Ẹ̀yìnkùlé: Àwọn Tó Ń Wọn Òjò Dídì àti Àwọn Tó Ń Sọ Ọ́ Tẹ́lẹ̀

Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, nígbà tí gbogbo ìta ṣì tutù nini, ẹnì kan á wọ bàtà òjò, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tó ti ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀. Igi yẹn ló fi ń mọ ibi tí pákó rẹ̀ wà lábẹ́ òjò dídì. Pákó pẹlẹbẹ ni, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọ̀dà funfun ni wọ́n sì kùn ún kí oòrùn má baà tètè mú un gbóná. Á ki rúlà bọ òjò dídì náà títí yóò fi kan pákó, á ka iye rẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì gbá pákó mọ́ de ti ọ̀la. Lẹ́yìn náà, á gbé òṣùwọ̀n òjò wọlé, á wọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀ kí ohun tó dì lè yọ́, á wá yọ iye omi tó bù sí i kúrò nínú àpapọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó iṣẹ́ yìí fún un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà ní Amẹ́ríkà.

Nílé, yìnyín la sábà máa ń pe gbogbo ohun tó bá dì tó sì já bọ́ láti òkè. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ya méjèèjì sọ́tọ̀: yìnyín ni èyí tó ń ró gbàgà lórí páànù, òjò dídì ni èyí tó ń rọra balẹ̀ bí òwú. Tiwọn ni mo fara mọ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ọdún 1890 ni ètò àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bá àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn tí àgbàrá ya wọ ìlú Fort Collins ní Colorado ní oṣù Keje 1997, wọ́n dá ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda mìíràn, CoCoRaHS, sílẹ̀ ní 1998, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òṣùwọ̀n lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn tó nípa ìtàn.

Ohun tó ń dá iyàn sílẹ̀ láàárín wọn gan-an ni iye ìgbà tó yẹ kí èèyàn gbá pákó. Òjò dídì kì í dúró bó ṣe balẹ̀. Èyí tó wà lókè ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, ó ń rì, ó ń ki. Ẹni tó bá ń gbá pákó rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, tó wá ń ro iye rẹ̀ pọ̀, á rí ju ẹni tó dúró di òwúrọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìjì kan náà ló jà lórí àwọn méjèèjì. Ìlànà ni pé kí pákó má ṣe di gbígbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí mẹ́fà, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó pọ̀ jù.

Ní oṣù Kìíní 1997, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Montague, lórí òkè Tug Hill nítòsí adágún Ontario, ròyìn ínṣì 77 láàárín wákàtí 24. Bí wọ́n bá gbà á, yóò borí ínṣì 75.8 ti Silver Lake ní Colorado, tó ti wà lókè láti oṣù Kẹrin 1921. Ìgbìmọ̀ kan yẹ ìwé wò, ó sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni olùyọ̀ǹda náà wọ̀n ọ́n. Wọn ò gbà á wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni pé ti Silver Lake fúnra rẹ̀ kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni fi rúlà kà. Ínṣì 87 ni wọ́n rí láàárín wákàtí 27 ààbọ̀, ìṣirò ni wọ́n fi dín in kù sí ti wákàtí 24. Mo gbà pé ìgbìmọ̀ náà ṣe ohun tó tọ́ sí Montague. Ṣùgbọ́n ojú líle tí wọ́n fi wo ti tuntun, ó yẹ kí wọ́n fi wo ti àtijọ́ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí kò tíì rí ibi tí àwọn iye náà ń lọ. Bí káúńtì kan bá ń wá owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ láti fi kó òjò dídì ojú pópó, iye tó rọ̀ gbọ́dọ̀ tó èyí tó ga jù lọ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tàbí kó sún mọ́ ọn. Ìwọ̀n òjò dídì ni àwọn kọ́lékọ́lé fi ń mọ bí òrùlé ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Lápá àwọn adágún ńlá bíi Ontario, afẹ́fẹ́ tútù tó bá gba orí omi kọjá máa ń da òjò dídì sílẹ̀ ní ìlà tóóró. Àdúgbò kan á rì, oòrùn á máa ràn ní èyí tó wà ní máìlì mélòó kan sí i. Irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí rédà fi ń wo orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó wà nídìí pákó ló mọ̀.

Ti àsọtẹ́lẹ̀ ni ọkàn mi kò balẹ̀ lé lórí. Kò sí ìwé àṣẹ tí èèyàn nílò ní Amẹ́ríkà kó tó máa sọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí. Kọ̀ǹpútà ìjọba tó ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní GFS jáde ń ṣe ìṣirò tuntun lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó ń wo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síwájú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá wù lè mú máàpù kan nínú rẹ̀ tó kó ogún ínṣì lé ìlú rẹ̀ lórí ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i, kó sì fi han gbogbo aládùúgbò. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ìṣirò mìíràn á dé, ogún ínṣì á di òjò lásán, ìdààmú á sì ti bá ìyá arúgbó tó ti lọ kó oúnjẹ jọ. “Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ ni mo sọ” ni àwíjàre àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn máàpù náà kàn gbà pé ínṣì omi kan á di ínṣì òjò dídì mẹ́wàá níbi gbogbo, wọ́n tún ń ka yìnyín wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Òjò dídì olómi ti etíkun lè má ju márùn-ún lọ. Níbi tí òtútù ti mú gidi, ó lè kọjá ogún.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín Washington àti Boston, ààlà òjò àti òjò dídì lè gba àárín ìlú kan ṣoṣo kọjá. Ẹni tó ti wọ̀n ọ́n fún ọdún mẹ́wàá lórí òkè kan mọ ohun tí òkè náà máa ń ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí sí ìlà-oòrùn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjì tó dé, tó wọn òjò dídì nígbà tó bá rọ̀ tán, tó sì gbé méjèèjì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títí kan èyí tó tàsé, mo ṣe tán láti gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ará wa ní Chicago, ní Minneapolis àti ní Maryland, ẹ̀yin náà ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n, ẹ kun pákó kan ní funfun, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ka rúlà. Lọ́jọ́ tí ohunkóhun kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Àyè tó bá ṣófo kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ilẹ̀ gbẹ, tàbí ẹ kò jáde wò ó.