Àjẹkì Òru àti Ebi Ọ̀sán

Ní Abraham Adésànyà Estate, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kkì lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní Erékùṣù Èkó a máa jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Ẹlòmíràn kì í fi oúnjẹ gidi kan ẹnu títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nígbà tí ó bá dé ilé, yóò jẹ ẹ̀bà tán, yóò jẹ ìrẹsì tí a fi pamọ́ fún àwọn ọmọ, yóò sì mú búrẹ́dì lé e. Ikùn ti kún tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dúró. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú dé. Yóò fọ ìkòkò kí ará ilé má baà mọ̀, yóò sì búra pé òun yóò gbààwẹ̀ lọ́la.

Ìbúra yìí gan-an ni ó ń dá wàhálà náà padà.

Àwọn ènìyàn a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní wọ̀bìà, orúkọ tí kò tọ́ sí i. Wọ̀bìà a máa gbádùn oúnjẹ rẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n eléyìí ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ní 1959 ni Dókítà Albert Stunkard ará Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní 2013 àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ náà kà á sí àìsàn kan lọ́tọ̀, bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù 3.

Ẹ kíyèsí ohun tí ebi lè ṣe. Ní 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, ọ̀jọ̀gbọ́n Ancel Keys dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kù sí bí ìdajì fún oṣù 6. Ara wọn le tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í ṣe alájẹkì. Nígbà tí a dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn mìíràn jẹ títí inú fi ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Nítorí náà, kí ẹni tí èyí ń bá jà jẹ ògì àti àkàrà kí ó tó jáde, kí ó di mọ́ínmọ́ín sínú àpò, kí ó má sì jẹ́ kí ó ju wákàtí 4 lọ kí ó tó tún fi nǹkan sẹ́nu. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ àjẹkì lóru, kí ó jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ síbẹ̀. Èyí ni ó ṣòro jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ láti gbà. Ní àkókò ààwẹ̀ ìjọ, kí ó sọ fún olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ kí a lè yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ìfẹ́ ọkàn náà bá dé, kí ó jáde kúrò ní ilé ìdáná, kí ó rìn díẹ̀ tàbí kí ó bá ẹnìkan sọ̀rọ̀; bí ìgbì òkun ni, a máa ga, a sì máa lọ sílẹ̀.

Bí kò bá dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Yábàá láti 1907, kì í sì í ṣe wèrè nìkan ni a ń tọ́jú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Aya tí ó bá sì rí ìkòkò òfìfo ní òwúrọ̀, kí ó má ṣe bú ọkọ rẹ̀. Kí ó gbé ògì kaná.